Rọ́ọ̀gì Ìyá Mi Kò Gbọdọ̀ Kúrò Nílẹ̀

"Ká a bí ẹní, má ká a bí aṣọ."

Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá ti rí i pé ọwọ́ mi fẹ́ yá jù nídìí rọ́ọ̀gì pálọ̀. Yíyí là ń yí ẹní. Ṣíṣẹ́ là ń ṣẹ́ aṣọ po. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, bí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ po tó wá gbé e kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ojú ibi tó ti ṣẹ́ yẹn yóò là, kò sì sí ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó padà bọ̀ sípò. Èmi kì í ṣe onísùúrù èèyàn. Ìwọ̀nba sùúrù tí mo ní láyé yìí, ìdí rọ́ọ̀gì yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Bàbá mi ló rà á, lọ́dún tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ kó dàbínù àti tẹ̀sùbáà bọ̀. Bàbá tèmi gbé rọ́ọ̀gì lé èjìká. Nígbà tí wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Lomé, olú ìlú Tógò, aṣọ́bodè kan béèrè bóyá èèyàn ló wà nínú ìdì náà. Bàbá mi ní, "Ẹnu ìyàwó mi ló wà níbẹ̀. Ó ní tí mo bá tún ra ohun yẹpẹrẹ bọ̀, kí n má wọlé." Rọ́ọ̀gì náà pupa bí awẹ́ obì, àwọ̀ aró yí i ká, wajawaja funfun sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi ń ta léèsì ní ọjà ńlá, ojú wọn ti rí oríṣiríṣi aṣọ olówó iyebíye. Síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n ní, "Háà, Bàbá wọn." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni òfin ti wọ ilé wa. Bàtà kò gbọdọ̀ gorí rẹ̀. Ibi tí irun rẹ̀ bá dojú kọ ni ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹni tó bá gbá a lódì, bí ẹni tó fi òòyà ya irun ọmọ ọlọ́mọ lódì ni, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi. Bí tíì bá dà sí i, aṣọ gbígbẹ la fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi mu omi náà tán, a kì í ra á, nítorí ríra ló ń ti ìdọ̀tí wọnú. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti kọjá, a máa yí orí rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí oòrùn ojú fèrèsé má baà jẹ apá kan kó fi apá kan sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù ni ti kíká a pamọ́. Ilé wa ní Amoutivé kò sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun mọ ọ̀nà ilé gbogbo èèyàn ní ìlú yìí, ilẹ̀ sì máa ń làágùn bí òjò ńlá bá ti ń bọ̀. Nítorí náà, kí òjò tó dé, a ó gbé rọ́ọ̀gì síta láàárọ̀, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní, a ó fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá a lẹ́yìn títí eruku yóò fi tán lára rẹ̀. A ó wá gbé e sábẹ́ ibòji kí ooru oòrùn kúrò lára rẹ̀, torí bí a bá ká a tòun ti ooru, yóò làágùn nínú ìdì. Lẹ́yìn náà la ó wọ́n ewé tábà gbígbẹ sí i nítorí kòkòrò, a ó yí i mọ́ páìpù gígùn kan, a ó fi ìró funfun àlòkù wé e. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọ̀rá dé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi ọ̀rá dì kò lè mí.

Èèyàn méjì ló ń yí i, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, lórí ìkúnlẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣíwájú ti ìkejì, ẹnu ìdì náà yóò wọ́. Ìyá mi ló máa ń wà lápá òsì, bàbá mi lápá ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe ń yí i, ìyá mi yóò máa béèrè láìgbójú sókè pé, "Ṣé ẹ ń bọ̀?" Bàbá mi yóò dáhùn pé, "Mò ń bọ̀." Wọ́n tún yí i díẹ̀. "Ṣé ẹ ń bọ̀?" "Mò ń bọ̀." Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì rò pé bí gbogbo tọkọtaya ṣe ń ká nǹkan nìyẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ni bàbá mi kú, nígbà tí rọ́ọ̀gì wà nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré ká a kí àyè lè wà fún òkú àti fún àwọn èrò tó ń bọ̀. Wọn ò sá a, wọn ò wọ́n tábà sí i, wọ́n kàn gbé e jù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi wọlé, wọ́n bá ilẹ̀ pálọ̀ lófìfo. Ibi tí rọ́ọ̀gì máa ń wà mọ́ ju ibi yòókù lọ, àwọ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀ yàtọ̀. Àárín ibẹ̀ gan-an ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n sunkún ọkọ wọn.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi pè mí. "Wá, kúnlẹ̀ síbí," wọ́n sì nawọ́ sí apá ọ̀tún. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dáhùn nìyẹn.

"Ṣé o ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, Ìyá."

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì. Mo ní ilé tèmi, mo ní iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Nyékonakpoè, àmọ́ bí òjò bá ti ń ṣú, mo mọ ibi tí orúnkún mi máa wà.

Ìgbàgbé wá bá ìyá mi díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bu iyọ̀ sí tíì. Wọ́n ń bá mi sọ èdè Mínà tí ará Lomé ń sọ, wọ́n wá kọjú sí aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Mínà, wọ́n ń sọ Yorùbá fún un. Obìnrin náà, tó ń pè wọ́n ní Dada, ìyẹn ìyá ní èdè tiwọn, kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé "Yoo, Dada, yoo," bí ẹni ń wí pé ó dáa. Ní ọjọ́ kan wọ́n pè mí ní àbúrò wọn, wọ́n sì bínú pé mi ò tíì dá ìkòkò wọn padà. Dókítà fi Faransé sọ pé "sé láàjì", ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ni. Ó wù mí kí n bi í pé ṣé ọjọ́ orí tèmi náà ló ń jẹ́ kí n máa sunkún nínú takisí. Mo kó lọ sí ilé wa ní Amoutivé láti máa gbé pẹ̀lú wọn.

Ọdún tí mo kó wọlé yẹn, nígbà tí òjò ń bọ̀, a gbé rọ́ọ̀gì síta. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi kò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n gbá a, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ooru ti kúrò, wọ́n kúnlẹ̀ lápá òsì. Wọ́n tilẹ̀ bá mi wí pé mò ń fi ewé tábà ṣahun. Inú mi dùn débi pé mo tẹ àbúrò mi ọkùnrin láago láti sọ fún un pé ara Ìyá ti ń yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá jáde láti yàrá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ lófìfo.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Òjò ló ń bọ̀. Àná la jọ ká rọ́ọ̀gì."

Wọn ò gbọ́ mi. Ojú wọn ń wá ẹnì kan káàkiri pálọ̀. "Bàbá yín dà?"

Àsìkò náà gan-an ni àbúrò mi wọlé. Ó ń tún fóònù ṣe ní Gbossimé, ó sì máa ń ya ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bọ́ǹjúù, Ìyá," ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó ti gbọ́ ìbéèrè náà láti ẹnu géètì. Ó rí ojú mi, ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀, ó sì wá irọ́ kékeré kan tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

"Wọ́n ti lọ sílé, Ìyá."

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Fún àwa tí wọ́n bí sí Lomé, ilé kì í ṣe ibi tí à ń sùn. Ilé ni ìlú tí bàbá wa ti wá ní Nàìjíríà, níbi tí èmi kò tíì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ dé láyé mi. Bí oníṣòwò kan kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, ará ọjà á ní ó ti lọ sílé, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí àbúrò mi ní lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n níwájú ilẹ̀ tí wọ́n ti ká rọ́ọ̀gì rẹ̀, tí wọ́n bá ní bàbá àgbàlagbà ti lọ sílé, Yorùbá wo ni kò mọ ilé tí wọ́n ń wí? Ìyá mi ti gbàgbé orúkọ mi, wọ́n ti gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá, àmọ́ wọn ò gbàgbé bí a ṣe ń túfọ̀.

"Yéè! Bàbá wọn! Ẹ ò dágbére fún mi!"

Wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì, síbi kan náà, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo dì wọ́n mú. Àbúrò mi dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń wí pé, "Àǹtí mi, kí ni mo sọ? Ilé ni mo wí. Nàìjíríà ni mo ní lọ́kàn!" Mo mọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò lè bínú sí i, mo sì fẹ́ bínú sí ẹnì kan, nítorí náà mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ fi omi síná.

À bá ti gbà pé ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi jáde, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Ọjọ́ tó tún tẹ̀ lé e, bákan náà. Bí mo bá ní bàbá wà ní mọ́sálásí, wọ́n á ní, "Ta ló wá ká rọ́ọ̀gì?" Bí àbúrò mi bá ní wọ́n wà lọ́jà, ìbéèrè kan náà. Ilẹ̀ yẹn ń jẹ́rìí takò wá. A tẹ́ ẹní rọ́bà sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ta ló ń tẹ́ ọ̀rá sílé òkú. Àbúrò mi ra rọ́ọ̀gì tuntun kan, pupa náà ni. Ìyá mi fi ọwọ́ kàn án, wọ́n wò ó, wọ́n wò wá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Àwa náà rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu wa, wọ́n tún béèrè ẹni tó kú.

Ẹ wò ó, mo ti sunkún bàbá mi lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ìyẹn ti tó. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè di opó tuntun láràárọ̀, lójú ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà má sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ nígbà tí bàbá mi kú gan-an lọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò ń rọ̀ gan-an, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù dáadáa, mo sọ ìdì náà kalẹ̀, mo tú ìró funfun, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì. Ìyá mi jí. Wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ra irun rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga wọn.

"Ẹ bá mi po tíì," wọ́n wí, "kí bàbá yín tó dé."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Bí rọ́ọ̀gì bá wà nílẹ̀, bàbá mi wà láyé. Bó bá kúrò nílẹ̀, wọ́n kú.

Àbúrò mi wá ní ọ̀sán, ó rí i. "Àǹtí mi, ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa nìyí. Ó máa jẹrà."

"Jẹ́ kó jẹrà."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa mí torí pé mo da Fáńtà sí i?"

"Mo ní jẹ́ kó jẹrà."

Ó lọ láìdágbére. Ọjọ́ kejì ló padà wá pẹ̀lú fáànù ńlá kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí Ìyá bá ti sùn lọ́sàn-án, a ó gbé etí rọ́ọ̀gì sórí àpótí, a ó tan fáànù sábẹ́ rẹ̀, a ó gbọn tábà sí i, bíi pé aláìsàn kan là ń tọ́jú. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò kan rọ̀ láti ìdájí tí omi títì fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Èmi, àbúrò mi àti aládùúgbò wa ń fi korobá gbọ́n ọn dànù. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n ń pariwo mọ́ wa. "Irun àgùntàn ni o! Ẹ má jẹ́ kó mumi! Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá yín dé kí wọ́n bá a báyìí?" Gbogbo ohun tí wọ́n wí tọ̀nà. Nínú gbogbo wa, ìyá mi tí kò mọ ọjọ́ mọ́ nìkan ló ṣì ń fẹ́ tọ́jú rọ́ọ̀gì náà bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó ń rùn bí àgbò tí òjò pa. Pupa rẹ̀ ṣàn sínú wajawaja funfun. Kòkòrò wọ ìdí rẹ̀, irun rẹ̀ ń já lábẹ́ ìgbálẹ̀. Mo máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó bá ti rà kúrò tí Ìyá bá ń sùn, mo sì ń fà á kí ó lè bo ibi tí ojú wọn máa ń kọ́kọ́ wò láàárọ̀. Wọn ò fìgbà kankan rí i pé ó ń kéré sí i.

Nígbà mìíràn, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dìde lórí àga, wọ́n á kúnlẹ̀ sí apá òsì, wọ́n á gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀. Èmi náà á sáré kúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún.

"Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Wọn ò wí pé "ṣé o ń bọ̀". Ẹ ni wọ́n wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ó gún mi lọ́kàn, nítorí pé mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọ́n ń retí ìdáhùn.

"Mò ń bọ̀," ni mo wí. Mi ò fi "Ìyá" sí i. Ojú wọn á sì tàn bí ojú ìyàwó tuntun. A kì í yí i dé ibì kan. Ó ti rẹ rọ́ọ̀gì náà jù, ó sì ti rẹ àwa náà.

Ìyá mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, pẹ̀lú ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ mi. Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ṣì ń rán mi létí pé kí n fi oúnjẹ pamọ́ de bàbá mi.

Èrò fẹ́ máa wọlé, pálọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti na ọwọ́ sí rọ́ọ̀gì, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Èmi àti àbúrò mi la ó ká a. Ó gbé páìpù wá. Lọ́tẹ̀ yìí, apá òsì ni mo kúnlẹ̀ sí, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì ń wò mí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n sọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láìsọ̀rọ̀, ó sì ya láàárín, ó tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ kò lè di páìpù mú mọ́. A gbìyànjú rẹ̀ títí. Níkẹyìn a ṣẹ́ ẹ po, mo tún ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan sí i. A ká a bí aṣọ.

Ilẹ̀ wá ṣófo. Ibi tí rọ́ọ̀gì wà tẹ́lẹ̀ kò mọ́ ju ibi yòókù lọ bíi ti ìgbà ikú bàbá mi. Omi ti mú kó dúdú. Mo dúró, mo ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹni tí ì bá jáde wá béèrè pé ta ló kú, òun ló kú.

Aládùúgbò wa yọ sí ẹnu géètì pẹ̀lú abọ́ kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, tó máa ń gbé wá fún Ìyá láàárọ̀. Kò tíì gbọ́. Ó rí ilẹ̀, ó rí ìdì lọ́wọ́ àbúrò mi, ó sì fi Yorùbá tí ó kọ́ lẹ́nu ìyá mi béèrè pé, "Dada dà?"

Àbúrò mi wò mí. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo mọ ìdí tó fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Wọ́n ti lọ sílé," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbi tí ìyá mi ti máa ń jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì síwájú.